Ewu Ọmọ àti Eré Ìje

Bí a bá fẹ́ mọ ojú tí Yorùbá fi ń wo nǹkan, kí á tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, "ẹ kú iṣẹ́" ni. Ẹni tí ó jókòó, "ẹ kú ìjókòó" ni. Ẹni tí ó ń ṣeré, "ẹ kú eré" ni. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá bímọ, a kì í kí i kú iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kì í kí i kú eré. "Ẹ kú ewu ọmọ" ni à ń wí. Irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ni à ń kí ẹni tí ó ti ogun dé, ẹni tí ó yọ nínú ìjàǹbá ọkọ̀, àti ẹni tí ilé rẹ̀ jó tí òun fúnra rẹ̀ kò bá a lọ. Kí ọjọ́ ìbí tó pé, "àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní" ni à ń kí aláboyún, bí ẹni pé ẹrù wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a sọ̀. Nínú gbogbo ìkíni wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó fi ìbímọ wé ìdíje.

Mo ń sọ èyí nítorí àfiwé kan tí ó ti gbilẹ̀ láyé òde òní. Láti ìgbà tí àwọn obìnrin ti ń sá eré ọlọ́nà jíjìn níwájú gbogbo ayé ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ìrọbí dà bí máràtọ́ọ̀nù. Àwọn kan ní obìnrin tí ó bá lè sá kìlómítà 42 kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù ní yàrá ìgbẹ̀bí. Àwọn mìíràn ní obìnrin tí ó bá ti bímọ, kò sí eré ìje tí ó tún lè nira fún un mọ́. Ní àdúgbò Ṣàngó ní Ìlọrin, níbi tí mò ń gbé, mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń jí sáré ní ìdájí lọ́nà òkè Sóbí. Àfiwé náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti jẹ́ òótọ́ àti ibi tí ó ti lè ṣe ikú pa ènìyàn kò jìnnà sí ara wọn rárá, nítorí náà ó yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò tìṣọ́ratìṣọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni àwọn baba wa ń pe ọjọ́ ìbímọ, nítorí pé lórí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin ti ń bímọ láyé àtijọ́, tí àgbẹ̀bí yóò wà níwájú rẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò sì dì í mú lẹ́yìn. Ìkúnlẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú àṣà wa. Obìnrin tí ó kúnlẹ̀ ni àwọn agbẹ́gilére sábà máa ń gbẹ́ sára ìrọ́kẹ́ tí babaláwo fi ń lu ọpọ́n Ifá. Obìnrin tí ó kúnlẹ̀ náà ni ó ń gbé igbá nínú ère arugbá tí ó ń wà ní ojúbọ Ṣàngó. Ìgbàgbọ́ ìbílẹ̀ sì ni pé lórí ìkúnlẹ̀ ni ẹ̀dá ti yan ìpín rẹ̀ lọ́run, òun ni a ṣe ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn. Bí ìyà bá ń jẹ ẹnì kan tí ó sì ké pé "ìkúnlẹ̀ abiyamọ o!", ojú ẹlẹ́ran ara ni ẹni tí ó bá gbọ́ ọ tí kò sì dáwọ́ dúró fi ń wo ọmọ ènìyàn. A kì í fi eré bẹ ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn obìnrin wa kò lágbára ni àwọn àgbà ṣe ń pe ìbímọ ní ewu. Ní Ìlọrin níhìn-ín, àwọn obìnrin ni wọ́n ń mọ ìkòkò ní Dáda, ní agbègbè Òkèlélé. Wọ́n ń gún amọ̀, wọ́n ń pò ó, wọ́n ń rọ́gbà yí ìkòkò ká ní ìbẹ̀rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, wọ́n ń to igi, wọ́n sì ń dúró ti iná. Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa, àwọn alájàpá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ọjà dé ọjà pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ìfaradà jẹ́, kí ó wo ọ̀nà ọjà, kì í ṣe dandan kí ó lọ sí pápá ìṣeré. Àwọn àgbà obìnrin kan náà ni wọ́n máa ń kìlọ̀ fún aláboyún pé kí ó má ṣe fi oyún jókòó sójú kan. Kí ó máa rìn, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ bá ká. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ohun tí ó jọ ọ́, pé kí aláboyún tí kò ní àìsàn tí ó dè é lọ́nà máa ṣe eré ìdárayá tí kò le jù fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kan. Ibi àkọ́kọ́ nìyí tí àfiwé náà ti wúlò: ara tí a bá ń lò dáadáa a máa gbé oyún dáadáa.

Àwọn ará Dàhòmì tí wọ́n múlé tì wá ní tiwọn ya ìfaradà ara àti ìbímọ sọ́tọ̀ gédégédé. Àwọn obìnrin ológun ọba wọn, tí wọ́n gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 nígbà ayé Gezo, tí wọ́n sì tún padà wá ní 1864 nígbà ayé Glele, gbajúmọ̀ fún akíkanjú. Wọ́n ń kọ́ láti gun odi tí a fi ẹ̀gún ṣe, wọ́n ń rin ìrìn àjò jíjìn, wọn kì í sì í sá lójú ogun. Ṣùgbọ́n aya ọba ni a ka gbogbo wọn sí, a sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti lóyún níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Lójú àwọn tí ó tò wọ́n, obìnrin kò lè jagun kí ó tún bímọ. Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Àwọn òyìnbó tilẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn débi tí ó jọ ọ́. Nígbà tí àwọn obìnrin sá eré mítà 800 níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Amsterdam ní 1928, àwọn oníwèé ìròyìn pariwo pé ó rẹ̀ wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì yọ eré náà kúrò nínú ti obìnrin títí di 1960. Ní 1967, nígbà tí Kathrine Switzer sá máràtọ́ọ̀nù Boston pẹ̀lú nọ́ḿbà láyà, ọ̀kan nínú àwọn alákòóso sáré wọ ojú ọ̀nà láti fà á jáde. Lára ohun tí a ń sọ nígbà náà ni pé ilé ọmọ yóò yẹ̀ nínú obìnrin tí ó bá sáré jìnnà. Ọdún 1984 ni a tó fi máràtọ́ọ̀nù obìnrin kún Òlíḿpíìkì, ní Los Angeles, tí Joan Benoit sì gba ipò kìíní. Àwọn tí wọ́n ń gbé oyún fún oṣù mẹ́sàn-án ni a ń sọ fún pé ara wọn kò lè gba eré wákàtí mẹ́ta.

Àwọn ìyá fúnra wọn ni wọ́n fi ẹsẹ̀ dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Fanny Blankers-Koen ará Netherlands ti bí ọmọ méjì, ó sì ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó lọ sí London ní 1948. Àwọn kan bá a wí pé ilé ọmọ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó jókòó sí. Góòlù mẹ́rin ni ó kó bọ̀. Ingrid Kristiansen ará Norway bímọ ní 1983, kò sì ju bí oṣù márùn-ún lọ tí ó fi gba máràtọ́ọ̀nù Houston. Ní 1985 ó sá èyí tí ó yára jù lọ láyé nígbà náà, wákàtí 2, ìṣẹ́jú 21 àti ìṣẹ́jú àáyá 6. Liz McColgan bímọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1990, ó sì gba góòlù mítà 10,000 ti àgbáyé ní Tokyo ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Paula Radcliffe bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó sì gba máràtọ́ọ̀nù New York ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Ní Áfíríkà wa níhìn-ín, Faith Kipyegon ọmọ Kẹ́ńyà bímọ ní 2018, ó padà sórí pápá, ó sì gba góòlù mítà 1,500 ní Tokyo àti ní Paris lé èyí tí ó ti gbà ní Rio. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Jasmin Paris sá eré 268 máìlì lórí òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fún wàrà ọmú rẹ̀ síta fún ọmọ tí ó wà nílé ní àwọn ibi ìdúró, ó sì ṣáájú gbogbo ọkùnrin àti obìnrin dé òpin.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti fi kún ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2015, àwọn kan fi ẹsẹ̀ sáré la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já, láti etí òkun ìwọ̀-oòrùn dé ti ìlà-oòrùn, fún 140 ọjọ́. Àwọn onímọ̀ tí Herman Pontzer wà lára wọn wọn agbára tí ara wọn ń ná, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n rí i pé bí iṣẹ́ líle bá pẹ́, ara ènìyàn kò lè máa ná ju bí ìlọ́po 2.5 agbára tí ó ń ná nígbà tí ó bá sinmi jẹ́ẹ́. Wọ́n wá fi aláboyún wé e: ìlọ́po 2.2 ni ti oyún ń dé. Èyí ni pé obìnrin tí ó lóyún, tí a rò pé ó jókòó lásán, súnmọ́ ibi tí agbára ẹ̀dá pin sí, oṣù mẹ́sàn-án ni ó sì fi ń wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní oyún jọ eré ọlọ́nà jíjìn, n kò ní í bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n oyún yàtọ̀ sí ìrọbí. Mo bá ìyá kan sọ̀rọ̀ lórí èyí ní Ṣàngó. Olùkọ́ eré ìdárayá ni, ó ti sá eré mítà 5,000 nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì ti bí ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ìkẹta. Mo ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe méjèèjì, ṣé ọ̀kan náà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ọkùnrin ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń sáré, mo mọ iye ìgbà tí n ó yí pápá ká. Bí ó bá ku méjì, mo mọ̀ pé ó ku méjì. Nígbà tí mò ń rọbí àkọ́bí mi, mo ń bèèrè pé ó ku mélòó, kò sí ẹni tí ó lè dá mi lóhùn."

Mo ní, "Eré tí ẹ ti ń sá tẹ́lẹ̀ ńkọ́, kò ràn yín lọ́wọ́ ni?"

Ó ní, "Ó ràn mí lọ́wọ́, sà. Mo mọ bí a ṣe ń mí. Mo mọ̀ pé bí ìrora bá lọ, kí n sinmi, kí n má máa rò ó kí ó tó padà dé. Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ ń ná gbogbo agbára wọn ní wákàtí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ti ìkẹta, ọmọ náà dábùú. Kí ni eré sísá fẹ́ ṣe sí ọmọ tó dábùú? Lórí pápá, bí ó bá sú mi, mo lè yà bàrá, kí n jókòó sínú koríko. Níbẹ̀ yẹn, kò sí koríko tí mo lè jókòó sí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni mo rí pé ó ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Eré ìje ní gígùn tí a mọ̀, ìrọbí kò ní. Ẹni tí ó ń sáré lè dáwọ́ dúró, ẹni tí ó ń rọbí kò lè dá a dúró. Èkejì sì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: lórí pápá, agbára àti sùúrù eléré ni ó ń pinnu bí yóò ti rí, nínú ìrọbí, ohun tí ó lè pa obìnrin sábà máa ń jẹ́ ohun tí agbára rẹ̀ kò kàn rárá. Ọmọ tí ó dábùú, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ya lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń di gìrì: kò sí èyí tí ó ń bèèrè bóyá obìnrin náà ti kọ́ eré sísá rí.

Ẹ̀rí èyí wà lára àwọn tí ó yára jù lọ láyé. Ní Rio ní 2016, obìnrin mẹ́rin ni ó gba góòlù eré àfigbà mítà 400 fún Amẹ́ríkà: Tianna Bartoletta tí ó ń jẹ́ Tianna Madison báyìí, Allyson Felix, English Gardner àti Tori Bowie. Mẹ́ta nínú wọn ni ó rí ewu ńlá nídìí ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru oyún kọlu Felix ní 2018, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 32. Madison náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Bowie, tí ó gba góòlù mítà 100 ti àgbáyé ní London ní 2017, ni a bá ní òkú nínú ilé rẹ̀ ní Florida ní 2023, ó ń rọbí oyún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, òun nìkan ni ó sì wà nínú ilé. Ẹni ọdún 32 ni. Àwọn tí ó yẹ òkú rẹ̀ wò dárúkọ gìrì aboyún lára ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fa ikú náà. Serena Williams bímọ nípa iṣẹ́ abẹ ní 2017. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹnu mọ́ ọn fún àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ó gbà á là ni pé ó sọ̀rọ̀, a sì gbọ́ tirẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Nígbà tí a bá wá fi ìbímọ ṣe ìdíje, ẹni tí ó bá nílò ìrànlọ́wọ́ ni a ó máa pè ní ẹni tí ó fìdí rẹmi. Àwa náà ti ní irú èyí láàrin wa. Àdúrà tí ọ̀pọ̀ Kristẹni ń gbà fún aláboyún ni pé kí ó bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá padà sí Ìwé Ẹ́kísódù, àwọn agbẹ̀bí ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Fáráò, láti fi gba àwọn ọmọkùnrin tí ó fẹ́ pa là. Ọ̀rọ̀ tí a fi gba ẹ̀mí là ti wá di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn obìnrin, débi pé àwọn kan ń sá fún iṣẹ́ abẹ títí ẹ̀pa kò fi ní í bóró mọ́, kí aládùúgbò má baà sọ pé wọn kò lè bí fúnra wọn. Kí a sọ fún irú wọn pé Shelly-Ann Fraser-Pryce ọmọ Jàmáíkà bímọ nípa iṣẹ́ abẹ ní 2017, òun ni ó sì yára jù nínú gbogbo obìnrin àgbáyé ní mítà 100 ní Doha ní 2019. Bí iṣẹ́ abẹ bá jẹ́ àmì àìlágbára, ta ni alágbára?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn lásán ní orílẹ̀-èdè wa. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2023 ni pé nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, nǹkan bí 993 ìyá ni ó kú; gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí 75,000 lọ́dún kan, ó ju ìdá mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé lọ. Kì í ṣe pé ìfaradà àwọn obìnrin wa kéré sí ti Norway ni wọ́n ṣe ń kú jù wọ́n lọ. Ní 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine ṣàlàyé pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa aláboyún: ìdádúró nílé kí a tó pinnu láti lọ, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí a bá ti dé ilé ìwòsàn. Ẹ wò ó, kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jẹ́ àìlè forí tì í ti obìnrin. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, wà ní Òkè-Òsè báyìí lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Láti Ṣàngó, kò jìnnà lójú ẹni tí ara rẹ̀ le. Lóru, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń wá ọkọ̀ àti owó, ó jìnnà ju máràtọ́ọ̀nù lọ.

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ kò sì fara sin. Ní 2023, ìwádìí kan tí a ṣe ní ọgọ́rin ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé bí a bá tẹ́ ike sábẹ́ ìyá láti wọn ẹ̀jẹ̀ tí ó ń jáde, tí a sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ti pọ̀ jù, ewu ńlá tí ẹ̀jẹ̀ yíya ń fà yóò dín kù ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ike lásán ni, pẹ̀lú ẹni tí ó ń wò ó. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á nímọ̀ràn pé kí obìnrin ní ẹni tí ó fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ìrọbí, kí ó sì lè yan bí yóò ti wà, ìbáà ṣe ìkúnlẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ méjèèjì tipẹ́; ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà síni lára, oògùn àti ọ̀bẹ oníṣègùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn obìnrin tálákà tí wọ́n bá nílò iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò rí i ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ojúṣe wa ni láti máa bèèrè bóyá ìkéde náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìlọrin jẹ́ ìlú àwọn àáfà, ẹ̀kọ́ tí ó sì wà nínú ẹ̀sìn wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí bá ti àwọn baba ńlá wa mu. Nínú Sūratu Maryam, ìrora ìrọbí lé ìyá Ànábì Ísà lọ sí ìdí igi dàbínù, ó sì sọ pé ó sàn kí òun ti kú ṣáájú. A kò bá a wí pé kò ní ìfaradà. Omi ni a fi hàn án, a sì fún un ní èso jẹ. Hádíìsì sì ka obìnrin tí ó kú nínú ìbímọ mọ́ àwọn ajẹ́rìíkú. Àwọn Aztec ti ilẹ̀ Mẹ́síkò náà, tí wọn kò mọ̀ wá rí, fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ọlá tí wọ́n ń fún jagunjagun tí ó ṣubú lójú ogun. Ṣùgbọ́n ọlá ìkẹyìn kò tó. Ẹni tí a bá rán lọ sójú ogun, a gbọ́dọ̀ fún un ní ohun ìjà, a sì gbọ́dọ̀ dúró tì í.

Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin Ṣàngó máa sáré lọ, kí wọ́n gun òkè Sóbí bí ó ti wù wọ́n. Ara tí ó le dára fún oyún, ọkàn tí ó mọ ìfaradà sì dára fún ìrọbí. Kí a yìn wọ́n bí wọ́n bá yege ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó síta bí ẹni tí ó ń wo ìje. Kí ọkọ̀ wà ní sẹpẹ́, kí owó wà nílẹ̀, kí àwọn tí ó lè fún un lẹ́jẹ̀ ti mọ ara wọn. Ewu ni a pè é láti àárọ̀ ọjọ́. Ìwà tí ó bá ewu mu ni ó yẹ kí á hù sí i, kí á lè máa gbóhùn ìyá, kí á sì máa gbóhùn ọmọ.